Ilẹ̀ kábíìnì ọkọ̀ iṣẹ́ àti ariwo inú ẹ̀: èwo ló yẹ ọkọ̀ tiyín nínú kápẹ́ẹ̀tì, vinyl, rọ́bà àti àwọn tó kù?

Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣiṣẹ́ mọ̀ pé inú kábíìnì ò jọ inú ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ òde. Bàtà tó tẹ ẹrẹ̀, tó tẹ sìmẹ́ǹtì, tó tẹ ọ́ìlì tó dà sílẹ̀, òun náà lẹ ń gbé wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóòjọ́, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín tó ń kùn gbìììì látàárọ̀ dalẹ́, tílẹ̀ bá fi máa ṣú etí ti ń hó, orí ti ń fọ́, ẹ sì máa rò pé iṣẹ́ ló rẹ̀ yín, ariwo yẹn wà níbẹ̀ o. Mo fẹ́ ká jọ wo ohun tí ẹ máa tẹ́ sílẹ̀ àti ohun tí ẹ máa lẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ pa pọ̀ ni, torí téèyàn bá tẹ́lẹ̀ tán kó tó rántí ariwo, ó máa tún tú àga ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kejì ni, iṣẹ́ ọjọ́ kan á wá di méjì.

Méjì ló dá mi lójú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́, omi ló ń ba ilẹ̀ kábíìnì jẹ́, kì í ṣe bàtà. Ìkejì, ohun tó wúwo ló ń dá ohùn ẹ́ńjìnnì dúró, kì í ṣe ohun tó rọ̀. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, ẹni tó ń tajà ò ní lè fi fóòmù rírọ̀ tó lẹ́wà tàn yín.

Ohun tí ẹ máa fi wọ̀n wọ́n

Omi ni mo kọ́kọ́ ń béèrè. Tómi bá wọ ibẹ̀, ṣé ó máa jáde àbí ó máa jókòó síbẹ̀? Mo ti tú kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan rí tí òkè ẹ̀ gbẹ táútáú, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án ẹ máa ní kò síyọnu, àfi ìgbà tí mo gbé e sókè tí mo rí i pé fóòmù abẹ́ ẹ̀ ṣì rin gbindin, páànù tó wà níbẹ̀ ti dógùn-ún débi pé àtàǹpàkò mi bọ́ sínú ihò. Ó ti pẹ́ tómi yẹn ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò rí i. Látìgbà náà, ohunkóhun tó bá lè mumi bíi kànìnkànìn, mi ò kì í jẹ́ kó sún mọ́ ilẹ̀ ọkọ̀ iṣẹ́.

Lẹ́yìn omi ni epo, torí kì í ṣe gbogbo rọ́bà ló lè bá dísẹ́ẹ̀lì àti gírísì gbé. Ooru náà ńkọ́, pàápàá ọkọ̀ tó jẹ́ orí ẹ́ńjìnnì ni kábíìnì jókòó sí. Ẹ wo bó ṣe ń yọ̀ nígbà tó bá tutù, bó ṣe rọrùn láti fọ̀, bó ṣe wúwo tó, bóyá ẹ lè yọ ọ́ nígbà tí mẹkáníìkì bá fẹ́ débi wáyà. Iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní FMVSS 302 ní ohun tó bá wà nínú ọkọ̀ ò gbọdọ̀ jó ju 102 mìlímítà lọ ní ìṣẹ́jú kan, ìlànà ISO 3795 sì máa ń wà lára ọjà láwọn ibòmíì, ẹ wá a lára páálí kẹ́ ẹ tó sanwó. Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù ilé ò sí fún ọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ní ti ariwo fúnra ẹ̀, àjọ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ní 85 désíbẹ́ẹ̀lì (òun ni wọ́n fi ń wọn ariwo) ló yẹ kó jẹ́ òpin fún wákàtí 8 lóòjọ́. Tí 3 bá lé lórí ẹ̀, àkókò á já sí ìdajì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2 péré. Bẹ́ẹ̀ òfin ọkọ̀ akẹ́rù tiwọn ṣì gbà kí ariwo inú kábíìnì dé 90, torí náà pé ọkọ̀ yín bófin mu ò túmọ̀ sí pé etí yín wà ní àlàáfíà. Ẹ fi áàpù tó ń wọn ariwo sórí fóònù, ẹ wọ̀n ọ́n ní ojú ọ̀nà kan náà, eré kan náà, kẹ́ ẹ tó ṣiṣẹ́ àti lẹ́yìn iṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù ò péye púpọ̀ ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lẹ ń wá. Tó bá fi 10 dín kù, etí á gbọ́ ọ bíi pé ariwo já sí ìdajì. Tó bá jẹ́ 3 ló dín, ẹ lè máà fẹ́ẹ́ mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n agbára tó ń wọ etí yín ti dín sí ìdajì, kì í ṣe nǹkan kékeré rárá.

Ẹ dí ihò ná

Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ wo ògiri páànù tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ẹsẹ̀ dírẹ́bà, àwọn rọ́bà róbótó tí wáyà ń gbà kọjá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ti gbẹ tàbí tí ẹni tó fa wáyà tuntun ti yọ jù nù. Ẹ wo rọ́bà ìdí gíà. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ pa á dé, kẹ́ ẹ wá fà á, tó bá yọ wọ̀ọ̀ láìjanpata rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti kú nìyẹn. Ká sọ pé ihò tó ṣí sílẹ̀ ò ju ìdá 1 nínú 100 ìtẹ́jú náà lọ, kò sí bí ohun tẹ́ ẹ tẹ́ ṣe lè nípọn tó, ariwo tó lè dá dúró ò ní ju nǹkan bíi 20 désíbẹ́ẹ̀lì lọ, torí ihò yẹn ni gbogbo ẹ̀ máa gbà wọlé. Rọ́bà tí kábíìnì jókòó lé lórí ṣáàsí àti ẹ́ńjìn síìtì náà, tí wọ́n bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, gbígbọ̀n jìgìjìgì yẹn á máa gba ara irin wọlé, ohun tẹ́ ẹ lẹ̀ ò ní mọ ohun tó máa ṣe sí i. Tí sàlẹ́ńsà bá ń jò, ẹ tún un ṣe lónìí, torí èéfín carbon monoxide ò lóòrùn, kò láwọ̀, ó sì ń pààyàn, ẹ má fi rọ́bà bo ariwo ohun tó ń kìlọ̀ fún yín.

Ohun tí ẹ lè tẹ́ sílẹ̀

Kápẹ́ẹ̀tì ló ń dákẹ́ jù nínú gbogbo wọn, ó máa ń fa ohùn òkè mu, ẹsẹ̀ á tù yín, kábíìnì á dà bíi yàrá. Ó dáa fún ẹni tó ń rin ọ̀nà jíjìn, tó ń sùn nínú ọkọ̀ tó sì ń bọ́ bàtà kó tó wọlé. Fún ẹni tó ń wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé tàbí oko, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn láé, ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì á wọnú ẹ̀, ọ́ìlì á wọnú ẹ̀, òórùn ò sì ní jáde mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ dandan, kó ra èyí tí wọ́n fi polypropylene tàbí polyester hun, kó ya kànìnkànìn jute tó máa ń wà lábẹ́ ẹ̀ sọnù, kó fi fóòmù tí kì í mumi rọ́pò.

Vinyl tó nípọn, ìyẹn ike rírọ̀, èyí tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ̀ bí ilẹ̀ ọkọ̀ ṣe rí, lòun tó máa bá ọ̀pọ̀ yín mu. Owó ẹ̀ ò ga ju ti kápẹ́ẹ̀tì dáadáa lọ, ẹ nu ún ó ti mọ́, ìrísí ẹ̀ jọ tilé iṣẹ́. Àléébù ẹ̀ ni pé oòrùn máa ń sọ ọ́ di líle tó bá pẹ́, á wá máa sán níbi tí gìgísẹ̀ dírẹ́bà máa ń wà, nítorí náà ẹ wá èyí tí wọ́n lẹ ìpele kan kún níbẹ̀. Ẹ sì má gbàgbé pé vinyl ò jẹ́ kómi wọlé, kò sì jẹ́ kómi jáde, èyí tó bá ti ẹ̀gbẹ́ wọ abẹ́ ẹ̀ á jókòó síbẹ̀ ni. Ẹ máa ṣí igun ẹ̀ wò lẹ́yìn òjò ńlá.

Rọ́bà tí wọ́n ń gé láti inú róòlù ni ààyò tèmi fún ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ líle. Èyí tó nípọn tó 4 mìlímítà á wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 6 ní mítà onígun mẹ́rin kan, ìwúwo yẹn gan-an sì ti ń dá ariwo dúró kẹ́ ẹ tó fi nǹkan míì sábẹ́ ẹ̀, èyí táwọn tó ń ta tirẹ́ẹ̀ kì í sọ fún yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni irú rọ́bà tí wọ́n ń rà. Rọ́bà lásán àti SBR máa ń wú tí ọ́ìlì àti dísẹ́ẹ̀lì bá ń kàn án. EPDM lè bá oòrùn àti òjò jà fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣùgbọ́n epo lọ̀tá ẹ̀. Nitrile, tí wọ́n ń kọ NBR sára ẹ̀, lòun tó bá epo lò. Nítorí náà tó bá jẹ́ ọkọ̀ mẹkáníìkì tàbí èyí tó ń gbé dísẹ́ẹ̀lì, ẹ béèrè nitrile, tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ àti òjò nìkan, SBR tí owó ẹ̀ wálẹ̀ ti tó. Gígé ẹ̀ ló gba sùúrù: ẹ fi páálí gé àpẹẹrẹ ná kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan rọ́bà, torí ẹni tó bá fi ojú gé e máa rà á lẹ́ẹ̀mejì.

Tirẹ́ẹ̀ TPE (ike tó rọ̀ bíi rọ́bà), èyí tó létí gíga tí wọ́n ń gbé lé orí ilẹ̀ tó ti wà níbẹ̀, rọrùn, ẹ gbé e jáde, ẹ da ẹrẹ̀ ẹ̀ nù, ẹ fọ̀ ọ́, ó tán. Kò dín ariwo kù lọ títí. Ẹni tọ́kọ̀ kì í ṣe tiẹ̀ ló wúlò fún jù. Ẹ rí i pé ó ní ìkọ́ tó mú un dáadáa, kẹ́ ẹ má sì fi tirẹ́ẹ̀ kan lé orí òmíì láé, nítorí pé ní 2009 Toyota kó ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù 3.8 padà ní Amẹ́ríkà nítorí kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ tó lè sún síwájú kó há pẹ́dà eré mọ́lẹ̀. Ìyẹn ọkọ̀ kékeré o, kẹ́ ẹ wá ro tírélà tó ru ẹrù.

Ọ̀dà polyurea tí wọ́n ń fọ́n, irú èyí tí wọ́n ń fọ́n sí ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, ló le jù. Kò níhò, kò ní etí tómi lè gbà wọ abẹ́ ẹ̀, tí wọ́n bá ti họ ìpẹtà ibẹ̀ dànù kí wọ́n tó fọ́n ọn, irin náà wà láàbò. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni, kò ṣeé tú mọ́, tí wáyà bá wà lábẹ́ ẹ̀ ó ti di ti ibẹ̀ nìyẹn. Ó gbówó lórí, ó máa ń họ orúnkún, ariwo tó ń dín kù ò pọ̀ torí ó fẹ́lẹ́ ó sì le. Kẹ́míkà isocyanate wà nínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń fọ́n ọn, ó máa ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ìbòmú tó tọ́ ṣe é.

Páànù alumíníọ̀mù onílà-onílà, ẹ fi í sílẹ̀ fún àtẹ̀gùn àti ẹnu ọ̀nà. Nínú kábíìnì á máa dún wọnranwọnran, á máa yọ̀ tí ọ́ìlì bá kàn án.

Ohun tó ń pa ariwo

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ohun kan ṣoṣo ò sì lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ibẹ̀ lowó èèyàn ti ń ṣòfò. Páànù máa ń gbọ̀n, ẹ gbọ́dọ̀ mú un dákẹ́. Ohùn máa ń wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ dí i lọ́nà. Èyí tó ti wọlé á máa ta látara gíláàsì sí òrùlé, ẹ gbọ́dọ̀ rí ohun tó máa fà á mu.

Ti gbígbọ̀n, téèyàn bá gbá agogo tó wá fọwọ́ gbá a mú, ó máa dákẹ́, iṣẹ́ butyl, rọ́bà tó ń lẹ̀ mọ́ páànù tó sì ní alumíníọ̀mù lójú, nìyẹn. Bébà alumíníọ̀mù yẹn kì í ṣe ẹwà, òun ló ń mú kí rọ́bà ibẹ̀ nà kó sì pa gbígbọ̀n náà, torí náà ẹ wá èyí tójú ẹ̀ nípọn. Èyí tó nípọn tó 2 mìlímítà dáa. Ẹ fi oríkèé ìka gbá páànù, ibi tó bá dún gbáún ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ sí, ibi tó bá dún pọ̀ kẹ́ ẹ kọjá. Ìdá mẹ́rin kan sí ìdajì páànù náà ti tó, ẹni tó bá bo gbogbo ẹ̀ ń kó owó àti ìwúwo lé ọkọ̀ lásán ni, mo mọ̀ pé fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fi gbogbo ilẹ̀ hàn bíi fàdákà, ó rẹwà lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò pọn dandan. Kóòtà, ìyẹn bitumen, owó ẹ̀ wálẹ̀ ju ti butyl lọ, àmọ́ á máa rùn tóoru bá mú, á rọ̀, tí òtútù bá dé á sán. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ má gbé kóòtà wọ ibẹ̀.

Ti dídí ọ̀nà, ìwúwo ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀: ẹ́ńjìnnì oní-sílíńdà 6, tó bá ń yí lẹ́ẹ̀ 1500 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 75 ló ń jó epo láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì ohùn náà á sì gùn ju mítà 4 àtààbọ̀ lọ. Fóòmù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ló fẹ́ fi ṣe ìyẹn? Ohun tó lè ṣe é ni mass loaded vinyl, vinyl tí wọ́n dìídì mú kó wúwo, tí wọ́n ń pè ní MLV, ó nípọn tó nǹkan bíi 3 mìlímítà, ó sì wúwo tó kílò 5 ní mítà onígun mẹ́rin kan. Tẹ́ ẹ bá sọ ìwúwo ohun tó dí ọ̀nà di ìlọ́po méjì, nǹkan bíi 6 désíbẹ́ẹ̀lì ló máa dín síi. Kò gbọ́dọ̀ fara kan páànù ní tààrà, fóòmù closed-cell tí kì í mumi, 3 sí 6 mìlímítà, ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí etí ẹ̀ gùn lé ara wọn, kẹ́ ẹ fi téèpù dè é. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa rà, òun ló lè gbówó jù, síbẹ̀ tówó bá wà fún ẹyọ kan péré lẹ́yìn butyl, òun ni mo máa mú, tàbí kí n kúkú mú rọ́bà 6 mìlímítà tó máa ṣe ilẹ̀ tó sì tún máa ṣe iṣẹ́ MLV.

Ti fífà mu, fẹ́lẹ́ẹ̀tì (felt) polyester àti Thinsulate, tí wọ́n rí fúlẹ́fúlẹ́ bí òwú, dáa, omi kì í bà wọ́n jẹ́, ṣùgbọ́n òrùlé, inú ilẹ̀kùn àti ògiri ẹ̀yìn nibùgbé wọn, wọn kì í gbé ilẹ̀. Ẹ má fọ́n fóòmù inú agolo tí wọ́n fi ń dí ẹnu fèrèsé sínú ọkọ̀ o, omi á há sẹ́yìn ẹ̀, irin á dógùn-ún. Bébà fàdákà onífèéfèé tí wọ́n ń tà fún ooru, ooru náà nìkan ló lè dín, ìyẹn tí àyè afẹ́fẹ́ bá wà níwájú ẹ̀, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú ariwo.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe é

Ẹ tú bátìrì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan àga, torí wáyà èébàágì lè wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀tì àga àti ti bẹ́líìtì, ìwé ọkọ̀ yín ló máa sọ bó ṣe yẹ kó le tó, ẹ má fi ọwọ́ méfò. Ẹ họ ìpẹtà, ẹ kùn ún, ẹ fi isopropyl alcohol nu páànù kẹ́ ẹ tó lẹ butyl, kẹ́ ẹ sì fi róólà tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kánrin. Ẹ má dí ihò tómi ń gbà jáde nílẹ̀. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé inú kábíìnì ni wọ́n ti ń ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, ẹ gé apá ibẹ̀ lọ́tọ̀ kó lè ṣí. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ tẹ pẹ́dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ìsàlẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó tàn, ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ tó ga sí i ti ń kan èyíkéyìí nínú wọn. Tó bá ń kàn án, ẹ gé e, ì báà jẹ́ pé ariwo á pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀.

Ta ló máa mú èwo?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ níbi ilé kíkọ́, oko tàbí ibi ìwakùsà: rọ́bà róòlù lókè, fóòmù closed-cell lábẹ́ ẹ̀, butyl díẹ̀díẹ̀ lára páànù. Ilẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 3, gbogbo ẹ̀ ò ní wúwo ju ọgbọ̀n kílò lọ dáadáa, ọkọ̀ akẹ́rù ò ní mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń gbé epo tàbí tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, nitrile ni kó fi ṣe é.

Ẹ̀yin ọlọ́nà jíjìn, ẹ̀yin ni mo rò jù nígbà tí mo ń kọ èyí, torí wákàtí yín ló pọ̀ jù nínú ariwo. Ẹ ṣe gbogbo ẹ̀: butyl, fóòmù, MLV, vinyl lókè, kẹ́ ẹ sì fi fẹ́lẹ́ẹ̀tì sí òrùlé àti ẹ̀yìn ibi tẹ́ ẹ ń sùn. Kápẹ́ẹ̀tì kékeré tó ṣeé gbé jáde lè wà níbi ibùsùn.

Ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ dírẹ́bà ń gùn, tí wọ́n ń fi omi fọ inú ẹ̀ lójoojúmọ́, polyurea ló tọ́ sí i, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wà torí ó lè wà lábẹ́ àga. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ yá, tirẹ́ẹ̀ TPE, kẹ́ ẹ tún rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ṣe, ó tán.

Ẹni tí owó ò tíì sí lọ́wọ́ ẹ̀, kó ra rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn àti rọ́bà ihò wáyà lóṣù yìí, kó fi butyl páálí kan ṣe abẹ́ ẹsẹ̀ dírẹ́bà àti ògiri iwájú nígbà tówó bá tún wọlé, rọ́bà ilẹ̀ lè dúró dìgbà míì. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ tú ilẹ̀ tẹ́ ẹ rí ihò ìpẹtà níbẹ̀, ẹ má tẹ́ nǹkan kan lé e, ọ̀dọ̀ wẹ́dà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ.